Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Ń Kúnlẹ̀ ní Òkè Ọ̀kà

Agbo Ilé Rájí,
Ẹ̀yìn Ọjà Ẹran,
Ọ̀kà Àkókó.

Tàwàkálítù ọmọ mi,

Bismillahi ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé dáadáa ni o wà ní Àkúrẹ́ níbẹ̀? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí o ń kọ́ ní eré ìdárayá kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ọlọ́run tí ó ń jẹ́ kí koríko hù lórí àpáta níbi tí kò sí erùpẹ̀ rárá, Òun ni yóò máa mú kí ohun rere hù fún ọ níbi tí ojú kò ti retí rẹ̀. Ìyá rẹ kí ọ. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ náà kí ọ. Ó ní bí n kò bá kọ ìyẹn sínú ìwé, òun kò ní í gbà pé mo ti ń mọ̀wé lóòótọ́.

Èmi bàbá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, ẹnikẹ́ni kò bá mi kọ ọ́. O mọ̀ pé ọdún kìíní ni mo ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí à ń lọ lẹ́yìn ìrun Alàásárì, ẹ̀rù sì ń bà mí púpọ̀ pé bóyá bí mo ṣe ń kọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìwé tí Tíṣà Zachariah ti kọ́ wa láti máa kọ kò ju èyí tí a fi ń bẹ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wa lọ. Nítorí náà bí o bá dé ibì kan tí o rí i pé mo ń bẹ̀ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí ẹni ń bẹ alága, má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ọwọ́ mi mọ̀. Mo tún ń ronú pé ìwọ tí o ti jáde ní yunifásítì yóò máa wo àmì orí àwọn ọ̀rọ̀ mi. Jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kí o wò.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. O ní o ń bọ̀ wá bá wọn dú eré ìje kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú fẹ́ ṣe, tí yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè, tí yóò gba inú igbó, tí yóò gba orí àpáta àti gbòǹgbò igi wá sí ìsàlẹ̀. O ní wọn kò fún ọ ní àyè láti wá sí Ìkàrẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà, pé Bridget tí ó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ ti já ọjà tuntun, kí èmi lọ bá ọ yan èyí tí ó bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mu, pé bí eré bá ti parí, wàá tà á. Tàwà, nígbà tí o sọ bẹ́ẹ̀ tán lórí fóònù, mo mú fóònù ìyá rẹ dání fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí o ti lọ. Ìwọ tí o kàwé, èmi ni o ní kí n yàn án. Mo mọ ọ̀nà òkè yẹn. Mo ti ṣubú níbẹ̀ láìgun ohunkóhun. Mo sọ fún ìyá rẹ pé bí mo bá yan àgbò tí kò dára fún ẹnìkan, yóò ṣáà rí i jẹ. Bí mo bá yan kẹ̀kẹ́ tí kò dára fún ọmọ mi, kí ni a ó rí jẹ?

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rántí pé o ní kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kí n wo bí ó ṣe dúró, kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí n sì rí i pé ó bá gígùn rẹ mu, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní kí ni èyí bí kì í ṣe àgbò? Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù ni mo ti ń ta àgbò. Bí ó bá ṣe ti ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ni, kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ bò mí lójú.

Mo mú ìyá rẹ dání lọ sí Ìkàrẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ gígùn yẹn, torí pé Iléyá tó kọjá tí ẹ jọ wọ jalabíà kan náà, etí rẹ̀ kanlẹ̀ lára ẹ̀yin méjèèjì bákan náà. Mo ní òun ni n ó fi wọ̀n ọ́. Mo tún mú àwòrán kẹ̀kẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ dání, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n mo rí i pé èyí tí ó wà nínú fóònù kéré púpọ̀ sí wọn. Mo ní ó lè jẹ́ pé ìgbà tí ó wà ní ọmọdé ni wọ́n ti yà á. Bridget wò mí, ó ní bóyá ni.

Ọmọ Ìpè ni Bridget yìí, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ṣáájú ọ̀rọ̀. Ó ní bí a bá fẹ́ mọ èyí tí ó bá gígùn rẹ mu, kí ìyá rẹ fi kẹ̀kẹ́ sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ ilẹ̀. Ìyá rẹ bi mí léèrè bóyá àárín ìgboro Ìkàrẹ́, lójú àwọn tó ń ti ìrun Jímọ̀ọ̀ bọ̀, ni mo ti fẹ́ kí ìyàwó Rájí wá máa la ẹsẹ̀ lé irin. Bridget ni ó yọ wá. Ó ta tapólì sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì yá a ní ṣòkòtò. Tàwà, láti ọjọ́ tí mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó n kò rí i nínú ṣòkòtò rí. Nígbà tí wọ́n ṣí tapólì náà, ó dúró láàrin kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìwo rẹ̀ mú, ó gbé àyà síta bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ìlú kan. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà mo tún wò ó.

Méjì péré ni ó bá a mu nínú gbogbo wọn, pupa kan àti dúdú kan.

Bí o bá rí pupa yẹn! Ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dúró gbọn-ọn, ìwo rẹ̀ ṣe rẹ́gí, eyín tí ṣéènì ń gùn níwájú jẹ́ ẹsẹ mẹ́ta, ó pé, kò sí ọ̀kan tó ká. Mo fi gbogbo agbára tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kò mira. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni aláfàá máa ń rí tí yóò ti ṣe Bismillahi kí ọ̀bẹ tó dé.

Dúdú ń kọ́? Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ nà síwájú jù bí ti ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀ pẹ́. Ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí ti màlúù. Eyín iwájú rẹ̀ kò ju ẹsẹ kan ṣoṣo lọ, mo ní ogbó ti dé sí i. Táyà rẹ̀ tóbi, ó rí págunpàgun, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ bí inú ẹran tí kò jẹun àná, Bridget sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí n fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọlẹ̀ níwájú, ó wọlẹ̀ lẹ́yìn, ó mí fìì, ó tún dìde. Mo mú ọwọ́ kúrò. Àìsàn ni a ń pe ìyẹn ní ọjà ẹran.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe tẹ̀lé e ni n kò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́. Bridget gun un, ó fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan kékeré kan lábẹ́ ìwo rẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ẹni tó tú u, láìsí sípánà. Ó dìde kúrò lórí rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó nàró. Mo sún mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ. Tàwà, mo ti fi ohùn rere bá àgbò sọ̀rọ̀, mo ti fi ẹ̀pà bẹ̀ ẹ́, kò sí èyí tó kúnlẹ̀ fún mi rí láyé. Irin wá ń kúnlẹ̀ fún àtàǹpàkò obìnrin Ìpè.

Bridget ní dúdú ni ó yẹ òkè, pé pupa dára fún ojú ọ̀nà erùpẹ̀ tó tẹ́jú, irú èyí tó lọ sí oko. Mo fi ojú kan wò ó. Òǹtajà ni èmi náà. Ẹran tí ẹnikẹ́ni kò rà láti àárọ̀ ni à ń kì ní oríkì nírọ̀lẹ́. Mo bá gbé ọwọ́ lé orí pupa, Bridget sì ní ó di tèmi. O mọ̀ pé láàrin àwa alágbò, bí ọwọ́ bá ti lé orí ẹran, tí òǹtajà ti sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹnìkan tilẹ̀ ti Ògbàgì wá pẹ̀lú owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ló lè tú u. A gbọ́dọ̀ mú ẹran rìn lójú ẹni tó ni ín, bí ó bá sì ṣubú lójú ọ̀nà, ọwọ́ ti kúrò lórí rẹ̀. Mo ní kí a mú pupa rìn. Bridget ní níbo. Mo ní níbo ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe ibi tí ọmọ mi yóò mú un gbà. Ó kó méjèèjì sínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó ní kí dúdú náà tẹ̀lé wa. Mo ní ó dára, ẹran kì í fẹ́ dá rìn.

A dé òkè. Òjò ti rọ̀ díẹ̀, ewé tútù, gbòǹgbò igi yọ síta lójú ọ̀nà bí iṣan ọwọ́ àgbà. A rọra lọ títí a fi dé àpáta tí à ń pè ní Agbéniṣánlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé. Mo dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ, Bridget gbé pupa lọ sókè, ó dé akoto, ó sì gùn ún wá.

Lórí ilẹ̀ lásán, ó ń bọ̀ bí ọba. Ó wá dé orí àpáta. Òkúta lù ú lẹ́sẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ náà kò tẹ̀, ó dúró gbọn-ọn bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo ìlù yẹn sì gba apá Bridget lọ sí orí. Ẹ̀yìn rẹ̀ fò. Ìjókòó gíga yẹn ti Bridget síwájú bí àgbò ṣe ń kan ènìyàn lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ jù ú sílẹ̀, Bridget fò sínú ewé kókò, kẹ̀kẹ́ sì ń dá yí lọ, ìwo lókè, ẹsẹ̀ lókè, títí igi kan fi dá a dúró. Bridget dìde, ó wo ìgúnpá rẹ̀ tó bó, ó yọ ewé kúrò lára aṣọ. Kò bá mi jà rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, kì í ṣe Bridget ni mo rí nígbà tí ènìyàn fò yẹn. Ìwọ ni mo rí. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi òjò, mo ń wo ọwọ́ mi tí mo gbé lé orí pupa.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ ìyá rẹ, tó ń jẹ̀ kiri lórí òkè, fi yọ lórí àpáta. Èyí tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí etí rẹ̀ kan gé, tí mo máa ń sọ pé kò tó ẹran ọbẹ̀. Ó rí ìyá rẹ, ó rò pé èèpo iṣu wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bọ̀. Agbéniṣánlẹ̀ yẹn gan-an ló gbà. Mo ti ń rí ewúrẹ́ láti ọjọ́ tí a ti bí mi, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò ó. Ó na ẹsẹ̀ iwájú síwájú jìnnà. Ó fi ìdí wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Bí òkúta bá ti lù ú, orúnkún rẹ̀ á tẹ̀, á tún nà. Ìwọ mọ̀ bí inú pátákò ewúrẹ́ ṣe rọ̀, inú yẹn ni ó fi ń lẹ̀ mọ́ àpáta tútù. Ó sọ̀kalẹ̀ láìyára, láìdúró, ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ìborùn ìyá rẹ.

Mo wo ewúrẹ́. Mo wo dúdú tí a fi ti igi. Ẹsẹ̀ tó nà síwájú, ìdí tó ń kúnlẹ̀, orúnkún tó ń tẹ̀, táyà tó rọ̀. Sùbùhánállàhì. Kò sí ohun tí mo pè ní àìsàn lára rẹ̀ tí kò sí lára ewúrẹ́ yìí. Mo mọ ẹran lóòótọ́, Tàwà, àmọ́ ilẹ̀ títẹ́jú ni mo ti ń tà á, n kò ronú rí nípa èyí tí òkè ń fẹ́.

Ìyá rẹ, tí mo ti ń fi ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí o kò tíì hu eyín, kò pariwo. Ó kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ní:

“Bàbá Tàwà, àgbò yín ló lẹ́wà. Ewúrẹ́ mi ló sọ̀kalẹ̀.”

Bridget gbé dúdú lọ sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ìjókòó kúnlẹ̀, òun náà dìde dúró lórí ibi ìtẹsẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó fi ìdí sẹ́yìn, ìka kan ṣoṣo ló fi ń kan búrẹ́èkì. Ó ń bọ̀ lórí Agbéniṣánlẹ̀. Òkúta ń lu ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ń gbé ìlù náà mì, orí Bridget kò mì. A ń gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe ń mí, fìì, fìì, láàrin igbó tó dákẹ́. Nígbà tí ó kọjá lára wa, atẹ́gùn rẹ̀ gbé etí agbádá mi sókè. Mo rí i pé ẹnu mi ti là láìmọ̀.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, jọ̀wọ́, má fi pè mí lórí fóònù láti bá mi wí. Mo bọ́ agbádá. Mo bẹ Bridget, ó sì gbà pé kí n gùn ún níbi tí igbó ti fẹ́ tán, níbi tí ọ̀nà kò ti sọ̀kalẹ̀ jù. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ rí nígbà èwe mi, èyí tí bàbá mi fi ń gbé kòkó. Ó dé mi ní akoto. Ìyá rẹ ní bí mo bá kú, òun kò ní í sọ ohun tó pa mí fún àwọn ará mọ́ṣáláṣí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan yẹn, Tàwà, ó sì kúnlẹ̀ fún èmi náà. Kò béèrè bóyá mo kàwé. Mo tẹ orúnkún mi tó ń dùn mí, mo jẹ́ kí ó máa lọ. Òkúta ń bọ̀, mo ń retí kí wọ́n lù mí, wọ́n kò dé ọ̀dọ̀ mi. Igi ń kọjá. Gbogbo òrùlé Ọ̀kà sì yọ lójijì nísàlẹ̀ láàrin àwọn òkè, oòrùn wà lórí wọn, ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo ti ń fi ẹ̀rù rìn láti kékeré ni. N kò mọ̀ pé ó lẹ́wà. Nígbà tí mo dúró, ojú mi ń ṣomi, mo sọ fún wọn pé atẹ́gùn ni.

Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò lórí pupa nìyẹn, tí mo sì gbé e lé orí dúdú. Owó tí o fi ránṣẹ́ kò tó ti dúdú, mo bá fi ọmọ àgbò kan kún un. Bridget ní òun yóò máa sìn ín títí di Kérésì. Má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dùn ọ́, àgbò ni, òkè kò fẹ́ wọn.

Ó wà ní yàrá tí a máa ń fi àgbò tó dára jù sí bí Iléyá bá kù díẹ̀. Mo fi okùn so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ òpó, mo sì tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. Mo fi epo pupa díẹ̀ pa ṣéènì rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè dán, àmọ́ nígbà tí Bridget gbọ́, ó ní kí n nù ún kúrò kíá, pé ó ní epo tirẹ̀ tó ń mu. Nítorí náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń tọrọ owó epo náà lọ́wọ́ rẹ. Mo tún ń tọrọ owó akoto tó le dáadáa, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dé e. Ìyá rẹ náà ní kí o fi owó aṣọ ṣòkòtò ránṣẹ́ sí òun. Ó ní ti oko ni. N kò bi í léèrè oko wo.

Bí o bá dé Agbéniṣánlẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ẹ̀rù bà ọ́, má dúró gbọn-ọn. Jẹ́ kí ó kúnlẹ̀, kí ìwọ náà tẹ orúnkún. A ó wà nísàlẹ̀, èmi, ìyá rẹ àti ewúrẹ́. Bí o bá ṣe ipò kejì tàbí ipò ìkẹyìn, kò kàn mí, kí o ṣáà dé ọ̀dọ̀ wa lórí ẹsẹ̀ rẹ. Ọlọ́run tí ó mọ ẹsẹ̀ tí Ó fún ẹranko kọ̀ọ̀kan kò ní í ṣi ẹsẹ̀ rẹ gbé. Ibi gíga kò ní í tì ọ́, ibi tó ń yọ̀ kò ní í mọ̀ ọ́, wàá gòkè, wàá sì sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, Àmín.

Ó ku ohun kan, mo sì ti ya ewé ìwé mélòó kan nù nítorí rẹ̀. O ní bí eré bá ti parí, wàá tà á.

Èmi ni bàbá rẹ, Rájí alágbò, tí ó ti ń ta ẹran láti kékeré, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí pé kó má ta nǹkan. Jọ̀wọ́, má ta èyí.